Kí Ló Kù Lọ́wọ́ Ẹ? Bí A Ṣe Ń Dá Akànṣẹ́ Tó Pé Mọ̀

Ìjà kẹsàn-án tí mo jà, nígbà tí mo ṣì ń kan ẹ̀ṣẹ́ láìgbowó, ni mo mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni mo ní. Jáàbù ọwọ́ òsì mi, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ tààrà tí a ń fi ọwọ́ iwájú jù, dára. Kí n má parọ́, ó dára gan-an: ó gùn, ó yá, kì í sì í kìlọ̀ kó tó dé. Òun ni mo fi borí nínú mẹ́fà lára ìjà mẹ́jọ tó ṣáájú. Ní ráúńdì kejì lọ́jọ́ yẹn, ọmọkùnrin kúkúrú tó wà níwájú mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá ọwọ́ òsì mi. Bí ọwọ́ náà bá ti ré èjìká rẹ̀ kọjá báyìí, á gbá mi lábẹ́ ìhà. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí aago dún, mo padà sí igun wa, mo jókòó. Bàbá tó ń kọ́ mi da omi sí mi lórí. Kò bú mi, kò sì ní kí n gbé ọwọ́ sókè. Ó kàn wò mí lójú, ó ní: "Wọ́n ti gba jáàbù lọ́wọ́ ẹ. Kí ló kù lọ́wọ́ ẹ?"

Kò sí nǹkan kan. Mo dìde, mo tún lọ ju jáàbù.

Ó ti lé ní ogún ọdún. Èmi ni mò ń gbé garawa báyìí fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, ìbéèrè Bàbá yẹn náà ni mo sì fi ń wọn gbogbo akànṣẹ́ tí mo bá rí, ì báà jẹ́ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́, ì báà jẹ́ ẹni tó so bẹ́líìtì àgbáyé mọ́ ìdí. Àwọn èèyàn máa ń rò pé akànṣẹ́ tó pé ni ẹni tí Ọlọ́run fún ní gbogbo nǹkan: agbára, eré, àgbọ̀n líle, apá gígùn. Lójú tèmi, ẹni tó pé ni ẹni tí wọ́n gba ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, tó sì fa òmíràn yọ. Nítorí náà, ẹ má wò ó nígbà tí nǹkan ń dùn fún un. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti dínà mọ́ ọn.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ pa ohùn tẹlifíṣàn. Mi ò fi ṣeré o. Àwọn tó ń ròyìn ìjà máa ń yan ẹni tí wọ́n máa pariwo fún kí aago àkọ́kọ́ tó dún, etí yín á sì máa darí ojú yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń wo ìjà kan náà. Ti àkọ́kọ́ wà fún ìgbádùn, torí ìyẹn náà tọ́ sí wa. Nígbà kejì, ẹnì kan ṣoṣo ni mo máa ń wò, bíi pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Nígbà kẹta, mo máa wo ẹnìkejì. Bí ráúńdì bá parí, ohun méjì péré ni mo ń kọ sílẹ̀: kí ló ń ṣiṣẹ́ fún un, kí sì ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ráúńdì méjìlá, ìlà mẹ́rìnlélógún. Bó bá jẹ́ ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún un láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè ti borí o, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọwọ́ ni ojú gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ bá, nítorí ọwọ́ ló ń pariwo. Ṣùgbọ́n èdè wa pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ má là ẹsẹ̀ kúrò lára ẹ̀ṣẹ́, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹsẹ̀ ló ń bí ẹ̀ṣẹ́. Ẹ dá àwòrán dúró gẹ́rẹ́ tí akànṣẹ́ yín bá ti ju ẹ̀ṣẹ́ tán. Ṣé ó lè ju òmíràn láti ibi tó wà yẹn, láìkọ́kọ́ tún ẹsẹ̀ tò? Àbí ara rẹ̀ ti ṣíwájú eékún rẹ̀ débi pé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á dojú bolẹ̀? Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ráúńdì kan. Bó bá dúró ire nínú mẹ́jọ, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, agbára ló ń gbé e kiri, agbára a sì máa tán.

Joe Louis ni mo máa ń fi han àwọn tó gbà pé ijó ni ẹsẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin yẹn kì í jó. Ìṣísẹ̀ kékeré ló ń gbé, bíi ti ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn ní yàrá tó mọ̀ dunjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kì í sì í kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ fi kúrú tó sì wúwo. Láàárín 1937 sí 1949, ìgbà 25 ni wọ́n wá bẹ́líìtì heavyweight, ìwọ̀n àwọn tó wúwo jù, wá sọ́dọ̀ rẹ̀, wọn ò rí i gbà.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ẹsẹ̀ tó ń ṣe ohun tí a kì í kọ́ni, ẹ lọ wo Sugar Ray Robinson àti Gene Fullmer, ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1957, ráúńdì karùn-ún. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn ni Fullmer gba bẹ́líìtì middleweight (ìwọ̀n àárín) lọ́wọ́ Robinson, kò sì sí ẹni tó tíì fi ẹ̀ṣẹ́ gbé Fullmer sùn rí. Ó ku ọjọ́ méjì kí Robinson pé ọmọ ọdún 36. Fullmer ń bọ̀, Robinson ń fẹ̀yìn rìn, láàárín ìfẹ̀yìnrìn yẹn ni húùkù (ẹ̀ṣẹ́ tó ń yí wá láti ẹ̀gbẹ́) ọwọ́ òsì kan jáde, Fullmer sì wà nílẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ṣubú. Ẹ dán an wò nínú yàrá yín: ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn, kí ẹ sì ju ẹ̀ṣẹ́ kan tó nípọn. Á dà bí ìgbà tí èèyàn ń lé eṣinṣin. Ti Robinson kò rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó fi ẹsẹ̀ mulẹ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́, ó lò ó tán, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Mo ti wo ìṣẹ́jú yẹn ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Ohun kan tún kù lórí ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lé èèyàn kiri àti ẹni tó ń dínà mọ́ èèyàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń lé èèyàn á máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ yíká bí ajá tó ń tẹ̀lé olówó rẹ̀. Ẹni tó ń dínà á gbé ìgbésẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó ń sá á sì bá okùn lẹ́yìn rẹ̀. Julio César Chávez mọ ìyẹn bí ẹni mowó.

Ní ti jáàbù, ẹ má wo bó ṣe ń lọ, ẹ wo bó ṣe ń padà bọ̀. (Ọ̀rọ̀ ara mi ni mò ń sọ yìí.) Ní 1936, Max Schmeling kíyè sí i pé bí Joe Louis bá ti ju jáàbù tán, ọwọ́ òsì rẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀ kó tó padà sílé. Ihò kékeré yẹn ni Schmeling ń gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, títí tó fi tẹ́ Louis sílẹ̀ ní ráúńdì kejìlá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1938, àwọn méjèèjì tún pàdé, Louis sì parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ni gbogbo ayé ń sọ. Èmi, ọdún méjì tó wà láàárín ló ń jọ mí lójú: wọ́n fi àléébù rẹ̀ hàn án níṣojú ayé, ó sì lọ tún un ṣe.

Ẹ tún ka irú jáàbù tó ní. Èyí tí a fi ń wọn ọ̀nà, èyí tí a fi ń dí ojú ẹnìkejì kó má rí ọwọ́ ọ̀tún tó ń bọ̀, èyí tí a fi ń dá a dúró bó bá fẹ́ wọlé, èyí tó ń dunni ní tirẹ̀, èyí tó ń lọ síkùn. Ẹni tó ní mẹ́ta nínú márùn-ún yìí, ó ti jáfáfá. Ọ̀kan ni mo ní.

Abẹ́ ìhà ni wọ́n ti fìyà jẹ mí, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wà lápá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà. Húùkù ọwọ́ òsì ló ń bá a pàdé. Ẹ̀ṣẹ́ orí, ojú ẹsẹ̀ ni ẹ máa mọ̀ ọ́n. Ti ẹ̀dọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé kò sí nǹkan. Ẹ ó tilẹ̀ ti gbé ìgbésẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni eékún á rọ, èémí á há, orí yín mọ́ kedere, ẹ ń gbọ́ bí rẹfirí ṣe ń kà, ẹ fẹ́ dìde, ara kọ̀. Mi ò mọ ohun tó tún burú jùyẹn lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Ìgbà tí akànṣẹ́ ń lọ sí ara ni kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ ń dúró di ìgbà tí orí kò ṣeé bá mọ́ kí wọ́n tó rántí pé èèyàn ní ikùn. Ẹni tó pé á ti bẹ̀rẹ̀ ní ráúńdì kejì, bí ẹni ń gbin ohun tó máa jẹ ní ráúńdì kẹwàá. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Nonito Donaire fi húùkù òsì kan ṣẹ́ egungun ihò ojú Naoya Inoue ní ráúńdì kejì, Inoue sì ń rí Donaire méjì. Ẹni tó ń rí méjì, èwo ló máa gbá lórí? Ó padà sórí jáàbù, ó fi ìbọ̀wọ́ ọ̀tún dí ojú tó ń dà á láàmú, ó sì ní sùúrù. Ní ráúńdì kọkànlá, ó fi ọwọ́ òsì wá ẹ̀dọ̀ Donaire rí, ọkùnrin náà sì yí ẹ̀yìn padà kó tó kúnlẹ̀. Ká ní ẹni tí mo jẹ́ lọ́jọ́ kẹsàn-án yẹn ló wà níbẹ̀, ǹ bá máa ju jáàbù sí Donaire tí kò sí.

Ààbò ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rí ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ kì í bà, wọ́n ní ó mọ ààbò. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ojú àti ẹsẹ̀ yíyá ló ń gbà á, àbí ẹ̀kọ́? Roy Jones Jr. ló jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ náà. Ọwọ́ nílẹ̀, orí ní gbangba, àgbọ̀n lókè, kò sì sí ẹni tó lè bá a. Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì middleweight gba ti heavyweight lọ́wọ́ John Ruiz ní oṣù Kẹta 2003. Mi ò tíì rí ẹni tó yá tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ òsì kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ Antonio Tarver gbé e sùn ní ráúńdì kejì, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn Glen Johnson tún ṣe é. Ara dín kù díẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ tó lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Bernard Hopkins, tí Jones fúnra rẹ̀ borí ní 1993. Hopkins kò yá tó Jones lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ wà nílé, èjìká rẹ̀ wà níwájú àgbọ̀n, ó mọ ìgbà tó yẹ kó di èèyàn mú àti ìgbà tó yẹ kó fi ìgbésẹ̀ kan péré kúrò lójú ọ̀nà. Ọmọ ọdún 46 ni nígbà tó gba bẹ́líìtì light heavyweight (ìwọ̀n tó wà láàárín middleweight àti heavyweight) lọ́wọ́ Jean Pascal ní 2011. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ààbò ẹnì kan dá lórí ẹ̀kọ́, ẹ lọ wo ìjà tó jà lẹ́yìn ọdún 35.

Ìjà àfaramọ́ra, ibi tí orí kan orí, kò ní gba àkókò wa púpọ̀, nítorí kámẹ́rà kì í sábà fi hàn dáadáa. Ẹ sá wo ẹni tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹnìkejì àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú. Ẹni yẹn ló ń jẹ. Andre Ward ń fi ọwọ́ kan di èèyàn, ó ń fi èkejì gbá a, rẹfirí á sì máa wò wọ́n. Àgbọ̀n líle? Ẹ̀bùn ni, ẹ má fi gbé máàkì fún ẹnikẹ́ni. Èémí ni kí ẹ fi máàkì fún, torí iṣẹ́ ló ń bí i: ẹ fi ẹnu rẹ̀ ní ráúńdì kẹsàn-án wé ti ráúńdì kejì. Ẹnu tó ti là sílẹ̀ á jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ kékeré di ńlá.

Ó wá kan orí, ibi tí ìbéèrè Bàbá ń gbé gan-an. Ẹ wá ráúńdì tí nǹkan ti bàjẹ́, kí ẹ wá wo ráúńdì tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2010, Shane Mosley fi ọwọ́ ọ̀tún gbá Floyd Mayweather ní ráúńdì kejì, eékún Mayweather sì tẹ̀. Gbogbo wa mọ Mayweather sí ẹni tó ń fi èjìká yí ẹ̀ṣẹ́ dànù, tó ń fà sẹ́yìn. Ní ráúńdì kẹta, iwájú ló ń rìn. Ó gba ilẹ̀ tó wà láàárín wọn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tààrà ṣáájú, Mosley kò sì rí ibi tí yóò ti tún ju irú ẹ̀ṣẹ́ yẹn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò fẹ́ràn Mayweather, ìjà rẹ̀ a máa mú mi sùn nígbà míì, ṣùgbọ́n ìlà tí mo kọ sí ráúńdì kẹta ìjà yẹn ni pé: "Ó kù púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Terence Crawford ṣe irú rẹ̀ fún Yuriorkis Gamboa ní 2014. Gamboa yá, ó sì ń gbá a ní àwọn ráúńdì àkọ́kọ́. Crawford kò bínú. Ó yí ìdúró rẹ̀ padà sí ti ọlọ́wọ́ òsì, bí ẹni pé ó bọ́ ẹ̀wù kan ó wọ òmíràn, ó sì dá Gamboa dúró ní ráúńdì kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ akànṣẹ́ ló lè yí ìdúró padà fún ẹwà. Ti Crawford, ìdáhùn ni.

Kí ẹ má sì rò pé ti ọkùnrin nìkan ni mò ń wò. Katie Taylor àti Amanda Serrano, ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2022 ní Madison Square Garden: Serrano fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Taylor tì ní ráúńdì karùn-ún. Ẹ wo ohun tí Taylor fi ráúńdì kẹfà sí ìkẹwàá ṣe. Mo ní ọmọbìnrin kan lára àwọn tí mò ń kọ́ tó mọ ìjà yẹn sórí bí ẹni ń ka ìwé, ìgbà kan tí mo sọ pé ráúńdì kẹjọ jẹ́ ti Serrano, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ó yá, àwọn wo ló pé jù? Ẹ fún mi láyè kí n ṣe ojúsàájú tèmi.

Robinson ni àkọ́kọ́, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn pẹ́. Ó gba bẹ́líìtì welterweight, ìwọ̀n tó kéré sí middleweight, ní 1946, ó gba ti middleweight lẹ́ẹ̀márùn-ún. Títí Randolph Turpin fi borí rẹ̀ ní oṣù Keje 1951, Jake LaMotta nìkan ló tíì borí rẹ̀, LaMotta sì jẹ nínú ẹ̀san ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Turpin fúnra rẹ̀, oṣù méjì ló fi gbádùn bẹ́líìtì náà. Bí ẹ bá ń wá àléébù rẹ̀, ẹ lọ sí oṣù Kẹfà 1952, nígbà tó lọ bá Joey Maxim jà fún bẹ́líìtì light heavyweight. Robinson ló ń borí, ṣùgbọ́n ooru alẹ́ ọjọ́ yẹn mú débi pé wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹfirí láàárín ìjà, Robinson kò sì lè dìde fún ráúńdì kẹrìnlá. Ó gba ooru láti dá a dúró.

Ìkejì ni Ezzard Charles, ọ̀pọ̀ nínú yín ò sì ní gbà. Àwọn èèyàn rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tí Rocky Marciano nà ní 1954. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n light heavyweight, ibi tí wọn ò ti fún un ní bẹ́líìtì kankan rí, ó borí Archie Moore lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó tún borí Charley Burley lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí àwọn ọ̀gá ń yẹra fún. Ó ń jà lókèèrè, ó ń jà nítòsí, ó ń lọ sí ara, ó ń fà sẹ́yìn gbá èèyàn. Ìwé mi kò rí ihò.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Roberto Durán. Àwọn tó ń pè é ní oníjàgídíjàgan ò wo ohun tí ó ń fi èjìká àti orí rẹ̀ ṣe. Esteban DeJesus borí rẹ̀ ní 1972, Durán sì padà lọ dá a dúró ní 1974 àti 1978. Ẹ wá wo ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Iran Barkley, 1989: ọmọ ọdún 37, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré, níwájú ọkùnrin ńlá tó ti dá Thomas Hearns dúró lọ́dún tó ṣáájú. Kò ní eré mọ́. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ Barkley ré etí rẹ̀ kọjá, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún kí i. Ó gba bẹ́líìtì middleweight lálẹ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ló yí ẹ̀yìn sí Sugar Ray Leonard ní oṣù Kọkànlá 1980 tó ní òun ò jà mọ́. Mo ti yọ máàkì rẹ̀ fún ìyẹn, ó ṣì wà nípò kẹta.

Leonard ni ìkẹrin, màá sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Pernell Whitaker ni ìkarùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò wúwo. Ní oṣù Kẹsàn-án 1993, ó pàdé Chávez, tí ẹnikẹ́ni ò tíì borí rí. Gbogbo wa rò pé yóò máa sá. Ó dúró níwájú Chávez, ó bá a ja ìjà àfaramọ́ra, ó sì ń gbá Chávez lára, níbi tí Chávez fi ṣe ilé! Àwọn adájọ́ ní ọ̀mì ni. Mi ò tíì bá ẹni tó wo ìjà náà láìgbọ́ ohùn tó gbà pé ọ̀mì ni.

Muhammad Ali kò sí nínú márùn-ún mi, ẹ má tíì bínú. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara, ó ń fa orí sẹ́yìn tààrà, ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, húùkù òsì sì ń bá a látìgbà èwe títí dé ọ̀dọ̀ Joe Frazier. Ìwé mi bù ú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Bàbá ńkọ́? Wọ́n gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ tí wọn ò jẹ́ kó jà, ó sì padà wá pẹ̀lú ọgbọ́n, àgbọ̀n àti okùn ríìngì fúnra rẹ̀, tó fi gba agbára lára George Foreman ní Kinshasa ní 1974. Ọ̀rọ̀ Ali máa ń da ìwé mi rú. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mike Tyson ti 1986 sí 1988 lẹ́wà ju ohun tí ẹnu lè ròyìn. Nígbà tí jáàbù Buster Douglas dá orí rẹ̀ dúró ní Tokyo ní 1990, òun náà tún lọ ń ju ẹ̀ṣẹ́ kan náà. Mo mọ̀ ọ́n lára. Dick Tiger, ọkàn mi wà níbẹ̀: bẹ́líìtì middleweight ní 1962, ti light heavyweight ní 1966 nígbà tó ti di ọmọ ọdún 37, húùkù òsì rẹ̀ sì lè wó ògiri. Ṣùgbọ́n iwájú nìkan ló mọ̀ ọ́n rìn, nígbà tí ọwọ́ gígùn Bob Foster sì dí iwájú ní 1968, ọ̀nà tán.

Nínú àwọn ti àkókò tiwa yìí, Crawford ni mo gbé ṣáájú. Ó kó gbogbo bẹ́líìtì jọ ní ìwọ̀n mẹ́ta, ti ìkẹta lọ́wọ́ Canelo Álvarez ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Ó ń sún mọ́ ipò karùn-ún mi díẹ̀díẹ̀, kí Whitaker máa ṣọ́ra. Oleksandr Usyk ló tẹ̀ lé e: ó borí Tyson Fury ní oṣù Karùn-ún 2024 pẹ̀lú ara tó fi ohun tó ju kílò mẹ́wàá lọ kéré sí ti Fury. Ní àárín ìjà yẹn, Fury ti ń gbá a lára, ó ń rẹ́rìn-ín. Ráúńdì kẹsàn-án, okùn ló gbé Fury dúró. Inoue ni ìkẹta, nítorí pé húùkù òsì tí kò rí ṣì ń bá a: Luis Nery fi gbé e sílẹ̀ ní ráúńdì àkọ́kọ́ ní 2024. Ó dìde, ó sì parí Nery ní ìkẹfà. Ṣùgbọ́n ihò ni ihò.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ìwé yín wò, Leonard àti Hearns ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 1981. Leonard ni ọlọ́gbọ́n tó ń jó. Hearns ni apani, ọgbọ̀n èèyàn ló ti dá dúró nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Ní ráúńdì kẹfà, húùkù Leonard kan bá Hearns, iṣẹ́ wọn sì pàṣípààrọ̀: apani di ẹni tó ń jó, ó ń fi jáàbù kó máàkì, ojú òsì Leonard ti ń dí, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé Hearns ṣáájú. Hearns rí ohun kejì fà yọ, kò sì burú rárá. Ohun kẹta ni kò sí; ó wà lọ́wọ́ Leonard, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìkẹrin mi. Ní ráúńdì kẹtàlá, ẹ má wo Leonard rárá. Ẹ wo ẹsẹ̀ Hearns, ẹ ka ìgbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí ráúńdì kẹrìnlá tó bẹ̀rẹ̀.